Ìwé Tí A Fẹ́ràn àti Sinimá Tí Ó Dá Àríyànjiyàn Sílẹ̀

‘Ìròyìn kò tó àfojúbà’ ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Òwe yìí tọ̀nà nínú ọ̀ràn ọjà, ó tọ̀nà nínú ọ̀ràn ogun, ó sì tọ̀nà fún ẹni tí ó fẹ́ ra ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé ìtàn tí a ti fẹ́ràn láti ìgbà èwe, tí àwọn òṣèré wá sọ ọ́ di sinimá, òwe náà a máa yí padà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn a ní ìròyìn tí àwọn ti kà dára ju ohun tí ojú àwọn wá rí lọ. Àwọn mìíràn a sì takú pé àfojúbà ni ó dùn jù. Báyìí ni àwùjọ òǹwòran ṣe máa ń pín sí méjì. Mo fẹ́ kí a yẹ ìtàn ìpínyà yìí wò láàárín àwa Yorùbá, kí a sì wo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ iṣẹ́ ilé-ìwé.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí mi lọ́kàn ṣẹlẹ̀ ní Riviera, àdúgbò kan ní apá Cocody ní ìlú Abidjan, létí ọ̀sà Ebrié, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń gbé ìlú náà, Ànàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbajúmọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń ti Èjìgbò lọ sí Abidjan, tí a sì ń gbọ́ èdè Faransé ní ọjà Èjìgbò. Ní ilé ìbátan mi kan ní Riviera ni a ti jókòó wo Elesin Oba, sinimá tí Biyi Bandele ṣe láti inú eré Wole Soyinka, Death and the King's Horseman, tí ó jáde ní 1975. Bandele kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà han gbogbo ayé ní Toronto. Gẹ̀ẹ́sì ni Soyinka fi kọ eré náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwọn òṣèré inú sinimá ń sọ.

Nígbà tí a wò ó tán, baálé ilé mi orí. Ó ti ka eré Soyinka ní ilé-ìwé ní Nàìjíríà, ó sì ti ka Ikú Olókùn-Ẹṣin, ìtumọ̀ tí Akinwumi Isola ṣe sí Yorùbá ní 1994. Ó ní, ‘Wọ́n ti ṣan gbogbo ẹran rẹ̀ lọ, egungun ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ tí Ẹlẹ́ṣin àti Olóhùn-iyọ̀ ń bá ara wọn sọ nígbà tí ẹsẹ̀ Ẹlẹ́ṣin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀run dà?’ Ọmọbìnrin rẹ̀, tí a bí sí Abidjan tí ó sì fi èdè Faransé ka gbogbo ìwé rẹ̀, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ‘Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ti ka ìwé náà nínú ilé yìí. Ní tèmi, n kò gbọ́ ojúlówó Yorùbá tó báyìí rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ẹ̀yin àti Ìyá Àgbà.’ Àwọn tí ó kù nínú ilé gbè sẹ́yìn ọmọbìnrin náà. Bàbá kò ní alátìlẹ́yìn kankan. Èmi náà kò tètè mọ ẹni tí n bá gbè.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé sinimá yìí ni ó kọ́kọ́ dá irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ń wá orísun rẹ̀, ó yẹ kí a padà sí ọdún 1952, nígbà tí Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé Amos Tutuola jáde, The Palm-Wine Drinkard. Abẹ́òkúta ni a bí Tutuola sí ní 1920. Ilé-ìwé rẹ̀ kò lọ títí, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ìtàn ọ̀mùtí kan ni ó kọ, ẹni tí bàbá rẹ̀ fún ní oko tí ó ní 560,000 igi ọ̀pẹ, tí adẹ́mu rẹ̀ sì ń dá agbè 150 fún un láràárọ̀ àti 75 ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, ọ̀mùtí mú ọ̀nà Ìlú Òkú pọ̀n láti lọ wá a. Lójú ọ̀nà ni ó ti pàdé arẹwà ọkùnrin tí ó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku agbárí nìkan. Kò sí olùkọ́ kan láàárín wa tí kò mọ irú àlọ́ bẹ́ẹ̀.

Dylan Thomas, akéwì ilẹ̀ Wales, yin ìwé náà gidigidi nínú ìwé ìròyìn Observer. Ní 1953, Raymond Queneau tú u sí èdè Faransé, èyí ni ó sì fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ń sọ Faransé lè kà á títí di òní. Ṣùgbọ́n nílé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1954 àwọn ọ̀mọ̀wé kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa, wọ́n fi ìbínú hàn. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì Tutuola kò bá òfin mu, àwọn òyìnbó yóò sì fi í ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀, nítorí Fagunwa ti kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ láti 1938. Ìtàn kan náà ni àwọn kan ń yìn tí àwọn kan sì ń tijú rẹ̀.

Ní 1963, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, ìyípadà dé. Kola Ogunmola, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di òṣèré, lo oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Rockefeller Foundation. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ìwé Tutuola di eré orin lórí ìtàgé, Demas Nwoko sì ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé náà. Ó sọ ọ̀mùtí ní Lánkẹ́, ó fi Yorùbá kọ gbogbo orin rẹ̀, ó gé ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò kúrò, ó sì sọ èyí tí ó kù di àlá tí Lánkẹ́ lá. Bí ó bá jẹ́ pé títẹ̀lé ìwé ní ẹsẹ-ẹsẹ ni àwọn ènìyàn ń fẹ́, wọn ì bá ti sọ Ogunmola lókùúta. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé tijú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wá ń pàtẹ́wọ́ fún ní Yorùbá. Ẹgbẹ́ náà gbé eré yìí káàkiri, ó sì dé Algiers ní 1969 fún àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Kí ni ó fà á? Mo rí ìdí méjì. Èkíní ni pé Ogunmola dá ìtàn náà padà sí ẹnu tí ó ti jáde wá. Èkejì ni pé ìtàgé kì í purọ́ pé òun ń fi ohun gbogbo hàn. Bí igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo bá dúró lórí ìtàgé, òǹwòran fúnra rẹ̀ ni yóò gbin 559,999 tí ó kù sínú ọkàn rẹ̀. Ìtàgé àti ìwé jọ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wa ṣe.

Sinimá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá fi hàn, tán ni ó fi hàn. Nígbà tí Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà, wá darí sinimá Kongi's Harvest ní 1970, Soyinka tí ó kọ eré náà ni ó fúnra rẹ̀ ṣe Kongi; síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ parí, ó kọ sinimá náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bí ọmọ tí ó sì wà níbi ìkómọ ni ó sọ pé ọmọ náà kò jọ òun. Ní 1979, Ola Balogun àti Adeyemi Afolayan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ade Love ṣe Ìjà Òmìnira láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adebayo Faleti tí ó jáde ní 1969. Ìyẹn rọrùn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọba àti àwọn tí ó kọ̀ láti máa sìn ín ni. Ènìyàn àti ẹṣin ni ó wà nínú rẹ̀, ohun tí ojú gbogbo wa sì ti rí ni wọ́n.

Ìtàn iwin àti ẹbọra ni ó máa ń fa ìjà tí ó le jù. Àwọn òyìnbó pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, Michael Ende kọ ìwé kan ní 1979 nípa ọmọdékùnrin kan tí ó kàwé títí ó fi wọ inú ayé ìwé náà lọ. Wọ́n fi í ṣe sinimá The NeverEnding Story ní 1984, kìkì nǹkan bí ìdajì ìwé náà ni ó sì wà níbẹ̀. Inú bí Ende, ó gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́, ó sì ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Ṣùgbọ́n àìmọye ọmọdé tí kò ka ìwé náà rí fẹ́ràn sinimá yìí títí wọ́n fi dàgbà. Láìpẹ́ yìí, Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí a bí sí Amẹ́ríkà, kọ Children of Blood and Bone ní 2018, ó sì fi àwọn òrìṣà wa ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde àwọn òṣèré tí yóò ṣe sinimá rẹ̀ ní 2025, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí ó yẹ àti ẹni tí kò yẹ, kí òǹwòran kankan tó rí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tú u wò. Fagunwa sọ fún wa pé Agbákò ní ojú mẹ́rìndínlógún tí ó yí orí rẹ̀ ká. Bí a bá ní kí ogójì ọmọ nínú kíláàsì kan ya Agbákò lẹ́yìn tí wọ́n ti kà nípa rẹ̀, ogójì Agbákò ni a ó rí, olúkúlùkù ọmọ ni yóò sì máa bẹ̀rù tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sinimá ni wọ́n kọ́kọ́ wò, Agbákò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò yà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti kàwé fi máa ń bínú: ẹlòmíràn ti wá gba ipò Agbákò tirẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo. Ìwé tí a ń gbèjà yìí pàápàá gba ipò ẹlòmíràn. Kí Fagunwa àti Tutuola tó mú kálàmù, àwọn ìyá àgbà ni ó ni iwin àti agbárí tí ń yá ẹ̀yà ara. Ìyá àgbà tí ó ń pàlọ́ lóṣùpá lè wí pé ìwé ti pa orin òun, pé kò sí ẹni tí ń gbe ègbè mọ́. Bí ìtàn bá ti ẹnu bọ́ sínú ìwé láìkú, kí ni ó dé tí kò fi lè ti inú ìwé bọ́ sójú sinimá láìkú? Ọmọbìnrin ìbátan mi ní Riviera kò jẹ̀bi. Sinimá náà fún un ní èdè tí ilé-ìwé rẹ̀ kò fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ronú jinlẹ̀, mo rí i pé ohun tí ó bà mí lẹ́rù ní alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe pé wọ́n jiyàn. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni iye àwọn tí ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ti kàwé, àgbàlagbà sì ni. Bí ó bá di ọjọ́ tí kò sí mọ́, a ó wo sinimá mìíràn nínú ilé yẹn, gbogbo ènìyàn yóò fi ẹnu kò lé e lórí pé ó dára, kò sì ní sí ẹni tí yóò béèrè pé, ‘Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbí dà?’ Ìfẹnukò bẹ́ẹ̀ ni ikú ìwé. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń jà lórí sinimá, ìwé wà láàyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má lé sinimá kúrò ní ilé-ìwé, ẹ kò sì lè lé e bí ẹ tilẹ̀ fẹ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ìwé máa ṣíwájú. Ẹ kà á sókè fún wọn kí ohùn rẹ̀ wọ̀ wọ́n létí. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ya Agbákò tirẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo sinimá, kí ẹ sì jókòó gbọ́ iyàn wọn.

Kí n tó kúrò ní Abidjan, ọmọbìnrin náà tọ bàbá rẹ̀ lọ ní àárọ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wá Ikú Olókùn-Ẹṣin jáde fún òun. Kò mọ Yorùbá kà dáadáa. Bàbá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ṣí ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un.