Ìtànṣán Lórí Ọmọdé: Ìtàn Kókó Agbárí Tó Ń Yọ Nígbà Àgbà

Ta ni kò mọ làpálàpá láàrin wa? Ó ń mú ọmọdé lórí, ó ń jẹ irun ní roboto roboto. Àwọn ìyá wa á fá orí náà, wọ́n á fi ewé àsunwọ̀n òyìnbó pa á. Kì í pa ọmọ. Síbẹ̀, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ìtànṣán X-ray ni àwọn dókítà òkè òkun fi ń wò ó. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni ayé ti rí i kedere pé ìtànṣán tó bá orí ọmọdé lè dá kókó sí agbárí tàbí ọpọlọ rẹ̀ nígbà tó bá ti di òbí ọlọ́mọ.

Ní 1895 ni Wilhelm Röntgen rí X-ray ní Jámánì. Kò ju ọdún kan lọ tí Leopold Freund, ní ìlú Vienna, fi tan án sí ẹ̀yìn ọmọbìnrin kékeré kan tí irun hù sí, irun náà sì já. Ní 1904, Raymond Sabouraud ní Paris sọ ọ́ di oògùn làpálàpá: bí irun bá já tán, èébu àìsàn á bá a lọ. Àwọn dókítà méjì, Kienböck àti Adamson, wá ṣètò bí wọn yóò ṣe pín orí ọmọ sí ọ̀nà márùn-ún kí ìtànṣán lè kárí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ tó gba ìtọ́jú yìí káàkiri ayé láàrin 1910 àti 1959 tó 200,000. Irun wọn hù padà, orí wọn mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí ewu kankan níbẹ̀ nígbà náà.

Ísírẹ́lì ni àṣírí ti tú jù. Láti 1948 títí di nǹkan bí 1960, àwọn Júù tó ń ti Mòrókò àtàwọn ilẹ̀ Lárúbáwá wọ orílẹ̀-èdè tuntun náà kó ọmọ wọn bọ̀, àwọn dókítà ibẹ̀ sì tan ìtànṣán sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tó ní làpálàpá lórí. Baruch Modan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìwé àtijọ́, wọ́n rí orúkọ 10,834. Wọ́n fi wọ́n wé iye kan náà tí kò gba ìtànṣán, wọ́n tún fi wọ́n wé 5,392 nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nìyẹn lójú tèmi: òbí kan náà, ilé kan náà, oúnjẹ kan náà, ìtànṣán nìkan ló yà wọ́n. Ní 1974 ni wọ́n kéde pé kókó orí àti ọrùn pọ̀ lára àwọn tó gba ìtànṣán. Ní 1988, Elaine Ron àtàwọn mìíràn fi hàn pé meningioma, ìyẹn kókó tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ, tó sì lè wọnú egungun agbárí, fi ìlọ́po mẹ́sàn-án àbọ̀ pọ̀ lára wọn. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí kókó náà tó yọjú. Ìtànṣán tó dé ọpọlọ wọn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí wọ́n ń fi pa jẹjẹrẹ. Ní 1994 ni ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn.

Oògùn gbígbé mì tí ń jẹ́ griseofulvin ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò X-ray lórí ọ̀rọ̀ làpálàpá láti 1958. Ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà náà.

Bí làpálàpá ti kúrò níbẹ̀, ó ku jẹjẹrẹ ọmọdé tí wọ́n ṣì ń fi ìtànṣán wò, òun kì í sì í ṣe ohun tí ewé lè wò. Láti 1948 ni William Cahan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ti kọ̀wé lórí aláìsàn 11 tí jẹjẹrẹ egungun yọ sí ojú ibi tí ìtànṣán ti kọjá. Wọ́n ní kókó tuntun gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìtànṣán dé, ọdún gbọ́dọ̀ ti gorí ọdún, irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìlànà yẹn ni àwọn dókítà ṣì ń tẹ̀ lé. Àwọn tó jogún jẹjẹrẹ ojú ọmọdé, èyí tó ń mú kí ojú máa tàn bí ti ológbò, ni ewu wọn pọ̀ jù: ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1997 ṣírò rẹ̀ pé láàrin àádọ́ta ọdún, jẹjẹrẹ mìíràn yóò mú 58 nínú 100 àwọn tó gba ìtànṣán nínú wọn, àti 27 nínú 100 àwọn tí kò gbà á. Egungun agbárí tó yí ojú ká wà lára ibi tó ń yọ sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Kí Donald Pinkel àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St. Jude, Memphis, tó fi ìtànṣán orí kún oògùn ní àwọn ọdún 1960, ikú ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà. Ìtànṣán gba ẹ̀mí là, ẹnikẹ́ni tó bá ń bú u kó rántí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tọpa àwọn ọmọ tó yè nínú oríṣiríṣi jẹjẹrẹ, meningioma ń yọ lára àwọn kan, nǹkan bí ọdún 17 lẹ́yìn àìsàn àkọ́kọ́. Ní 2009, St. Jude fi hàn pé oògùn lásán lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí ìtànṣán orí.

Ìbàdàn ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí, ó sì yẹ ká máa fi yangàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edington dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Ìbàdàn sílẹ̀ ní UCH ní 1960. Ní 1962 ni Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, dé láti Amẹ́ríkà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Òun àti Adélọlá Adélóyè ló ṣàlàyé kókó olómi tó ń wà ní àwùjẹ̀ ọmọ láti inú oyún ní 1971, kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Victor Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn ìṣègùn Lasker ní 1972 nítorí pé wọ́n fi oògùn wo kókó Burkitt tó ń wú ọmọ ní àgbọ̀n. Ọmọ tí oògùn nìkan wò sàn kò ní ìtànṣán kankan láti máa bẹ̀rù nígbà àgbà.

Ìdíkọ̀ Ìwó Road ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ òbí tó ń gbé ọmọ aláìsàn bọ̀ láti Ìwó, Ifẹ̀ àti Iléṣà ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó wọ takisí Micra gba Agodi Gate lọ sí UCH. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọkọ̀ padà sílé nígbà tí ara bá yá, káàdì ilé ìwòsàn á wà nínú báàgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ káàdì yẹn nù. Bí wọ́n bá tan ìtànṣán sí orí ọmọ yín, ẹ ní kí dókítà kọ ọdún rẹ̀, ibi tó dé àti bó ṣe pọ̀ tó sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì sọ fún ọmọ náà tó bá gbọ́njú. Ẹni tó bá sì ti gba irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ ní kékeré, tó wá rí wíwú líle lórí, ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, gìrì tàbí ojú tó ń ṣókùnkùn, kó sọ ọ́ fún dókítà kí dókítà tó béèrè.