Ohun Èlò Oníṣẹ́ Ọwọ́ ní Ilẹ̀ Èkìtì: Láti Àgbẹ̀dẹ dé Àpótí Sípánà

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe akínkanjú ni, a sì máa ń fi í gba ọ̀dọ́ níyànjú kí ó má baà fi ojo sá fún iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pa òwe náà níwájú alágbẹ̀dẹ, tàbí agbẹ́gilére, tàbí ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ajílósùn ní Adó-Èkìtì, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn, nítorí ẹnu àáké gan-an ni oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́kọ́ ń wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun náà ni ó sì ń wò kẹ́yìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ilẹ̀ Èkìtì Kete, láti ayé ìgbà tí a ń yọ́ irin láti inú òkúta títí di òní tí sípánà kún inú àpótí, ìbéèrè kan ni ó máa ń ṣáájú owó lẹ́nu ẹni tí ó gbọ́n tí ó sì fẹ́ ra ohun èlò: bí èyí bá bàjẹ́, ta ni ó wà nítòsí tí yóò tún un ṣe? Bí a ti ń yan ohun èlò àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn baba wa ka méjèèjì sí.

A kò lè pìtàn irin ní Èkìtì kí a má ya Ìrè. Ìrè-Èkìtì, ìlú Onírè, níhà àríwá Adó, ni ìtàn sọ pé Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, wọlẹ̀ sí, lẹ́yìn tí ó bá àwọn ará ìlú nínú ìpéjọ tí a kì í ti í fọhùn, tí ó gbé agbè ẹmu wò tí ó rí i pé òfìfo ni, tí kò sì sí ẹni tí ó kí i káàbọ̀. Ìbínú mú un, ó yọ idà, ó sì ti pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Nítorí òrìṣà yìí, ohun èlò irin kì í ṣe ohun tí a ń jù sílẹ̀ bí ìdọ̀tí. A kì í dédé ré irinṣẹ́ oníṣẹ́ kọjá, a kì í sì í gbé e láìtọrọ. Lọ́jọ́ tí a bá ń bọ Ògún, gbogbo ọmọ owú, ẹmú, àdá àti ọkọ́ ni a ó kó jọ síwájú ojúbọ, tí a ó nù wọ́n, tí a ó sì ta epo pupa sí wọn lára. Ẹni tí ó bá fi ojú inú wò ó yóò rí i pé epo tí a fi bọlá fún òrìṣà náà ni kò jẹ́ kí ìpáàrà jẹ irin. Ẹ̀sìn àti ìtọ́jú ti di ohun kan náà lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Ìdí mìíràn tún wà tí a fi ń ṣìkẹ́ irin, òun náà sì ni pé ó ṣọ̀wọ́n. Kí irin òyìnbó tó gba orí òkun dé, inú ìléru amọ̀ ni a ti ń fi èédú yọ́ òkúta irin ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ó sì ń jẹ igi bí ìyàn ṣe ń jẹ àká. Ní 1904, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba kan, C. V. Bellamy, tẹ ìròyìn jáde lórí ilé ìyọ́rin kan tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ń kọ ọ́, ọ̀pá irin olówó pọ́ọ́kú láti ìlú òyìnbó ti ń lé àwọn ayọ́rin kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Iná ìléru kú, àmọ́ iná àgbẹ̀dẹ kò kú, nítorí irin yòówù kí ó jẹ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ rọ ọ́.

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ rí i ṣe: òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rọ ẹmú tí ó fi ń mú irin gbígbóná, òun ni ó ń rọ ọmọ owú tí ó fi ń lù ú, bí awọ ẹwìrì bá sì ya, òun náà ni yóò lẹ̀ ẹ́. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ ra ọkọ́ kì í kàn na ọwọ́ mú èyí tí ó bá ń dán lórí àtẹ. Alágbẹ̀dẹ tí baba rẹ̀ rọ ọkọ́ fún baba tirẹ̀ ni yóò lọ bá, yóò sì ṣàlàyé irú ilẹ̀ tí ó ń ro, nítorí ebè iṣu lórí ilẹ̀ olókùúta Èkìtì a máa jẹ ẹnu ọkọ́ kíákíá. Yóò gbé àdá sókè, yóò fi èékánná ta á, yóò sì tẹ́tí: irin tí ara rẹ̀ dá ṣáká a máa dún gooro, èyí tí ó ti là nínú a sì máa dún bátabàta. Ẹnu àdá tí ó bá le jù yóò ṣẹ́, èyí tí ó bá rọ̀ jù yóò ká. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ fi ń jẹ́ kí irin pọ́n fòò kí ó tó ti ẹnu rẹ̀ nìkan bọ omi, tí yóò sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tutù díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu lè le, kí ẹ̀yìn sì lè rọ̀ tó láti gba ìyà. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó ń fà yọ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Èkù ni a fi iná ti ìrù àdá bọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, igi a súnkì, àdá a sì máa mì nínú rẹ̀. Aláìmòye yóò máa fi í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ ṣe ẹlòmíràn léṣe. Ọlọ́gbọ́n yóò rẹ èkù náà sínú omi di òwúrọ̀, tàbí kí ó wá igi pẹlẹbẹ há a. Orí àpáta lẹ́bàá odò ni a ti ń pọ́n ọ̀bẹ àti àdá, pẹ̀lú omi, láìkánjú. Bí ọkọ́ bá sì jẹ tán dé ìdajì, a kì í sọ ọ́ nù. Àgbẹ̀dẹ ni a ń gbé e padà sí, kí a lè fi irin mìíràn kún ẹnu rẹ̀.

Ogun Kírìjì, tí a kéde àlàáfíà rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, ni ó kọ́kọ́ fi han Èkìtì ewu tí ó wà nínú ohun èlò tí a kò lè tún ṣe nílé. Ìbọn ṣakabùlà ni àwọn ọmọ ogun mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kókó rẹ̀ bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ a rọ òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀, àpapọ̀ ọmọ ogun tí ń bá Ìbàdàn jà lábẹ́ Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèngbé Ilẹ̀ṣà, agbára náà pọ̀, Ìbàdàn pàápàá mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀ kò sí àgbẹ̀dẹ kan ní Èkìtì tí ó lè rọ ọta rẹ̀. Ọ̀nà Èkó ni ẹ̀mí ìbọn náà wà, ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí, igi lásán ni.

Àwọn agbẹ́gilére ní tiwọn kò jìnnà sí àgbẹ̀dẹ. Ọlọ́wẹ̀, tí a bí ní Èfọ̀n-Aláayè, tí ó sì ṣiṣẹ́ láàfin Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀ títí ó fi kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí a gbé lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní ìlú London ní 1924, tí ó sì wọ àwọn òyìnbó lójú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ìlú wọn ṣe pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà. Ère inú ilẹ̀kùn náà yọ síta gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára igi; irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀bẹ kíkú ṣe, nítorí ọ̀bẹ kíkú ni ó ń fa igi ya. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll darí ibi iṣẹ́ kan fún ìjọ Àgùdà, níbi tí Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ti Ọ̀sì, ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, Làmídì Fákẹ́yẹ sì wà lára wọn. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín iṣẹ́ náà sí: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Àáké àti irinṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ dábùú ọwọ́ bíi ti ọkọ́ ni a fi ń lé ọnà. Ọ̀bẹ ni ó ń fín in. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá tíì mọ bí a ti ń pọ́n ọ̀bẹ, wọn kì í jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ojú ère.

Ní sáà àwọn agbẹ́gilére yìí kan náà ni kẹ̀kẹ́ Raleigh àti ọkọ̀ akẹ́rù dé, ohun èlò sì yí padà. Àdá kì í ní nọ́ńbà, sípánà ní. Whitworth, ẹlẹ́rọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti dábàá láti 1841 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa gé ìlà ara bóòtì ní ìwọ̀n kan náà, ìwọ̀n náà ni ó sì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn mẹkáníìkì wa àkọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́. Nọ́ńbà tí ó wà lára sípánà Whitworth, ìwọ̀n bóòtì ni ó ń sọ, kì í ṣe ìwọ̀n ẹnu sípánà. Nígbà tí Volkswagen, tí a ń pè ní ìjàpá, dé láti Jámánì, ẹnu sípánà fúnra rẹ̀ ni nọ́ńbà ń kà, ní mìlímítà: 13, 17, 19. Ẹni tí ó bá fi sípánà Gẹ̀ẹ́sì tú nọ́ọ̀tì Jámánì, etí nọ́ọ̀tì ni yóò bó, yóò sì di róbótó. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, Peugeot sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ Japan náà tún gbé 12 àti 14 tirẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá tú àpótí mẹkáníìkì àgbà kan wò ní Adó yóò lè ka orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti wá sí Èkìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sáà tirẹ̀.

Síbẹ̀ àṣà àtijọ́ kò kú. Súpíríìnì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bá ṣẹ́, àgbẹ̀dẹ ni ó ń lọ, àdá àti ọkọ́ tí a sì ń fi rọ níbẹ̀ le ju ti ọ̀pá irin lásán lọ. Bí bóòtì kan bá fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, mẹkáníìkì a gbé sípánà lọ bá wẹ́dà, wọn a fi iná tẹ̀ ẹ́ kí ó lè wọ kọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ìjọba ṣe àtúntò ọrọ̀ ajé tí náírà sì wó lulẹ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ gba ìgboro, sípánà tòkunbọ̀ sì bá a wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ni ó sì fẹ́ràn ògbólógbòó sípánà tí a kọ Chrome Vanadium sí lára ju tuntun tí ó ń dán tí ẹnu rẹ̀ ń là lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, kí ó tó mọ ẹ́ńjìnnì, sípánà fífọ̀ ni ó ń kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò kó wọn jọ, yóò fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, yóò nù wọ́n gbẹ, yóò sì kà wọ́n lójú ọ̀gá. Bí ọ̀kan bá dín, ilé kò ṣeé lọ. Bí ó bá di ọjọ́ fúrídọ̀ọ̀mù, tí ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àgbà, irinṣẹ́ ni a ń gbé lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Sípánà tí ó ti gbó mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ ni àkísà tirẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ máa tún jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe nílé, kí ó kọ́gbọ́n lára àwọn wọ̀nyí. Kí ó má ra àpótí ńlá tí irinṣẹ́ kún inú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú; kí ó kọ́kọ́ wo nọ́ọ̀tì ohun tí ó ní, kí ó sì ra èyí tí ó bá a mu, èyí tí ó dára. Ríìngì ni kí ó fi tú nọ́ọ̀tì tí ó le, nítorí igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó ń dì mú. Fúláàtì, tí ń di ẹ̀gbẹ́ méjì péré mú, kí ó fi yí i jáde nígbà tí ó bá ti dẹ̀. Kí ó má fi òòlù lu sípánà, kí ó má sì fi sikurudíráífà ṣe ọ̀pá ìgbénǹkan. Kí òjò oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ta ọ́ìlì sára aṣọ, kí ó fi nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí irin sùn kí ó má dípẹtà. Bí aládùúgbò bá sì wá yá irinṣẹ́, kí ó fún un, ṣùgbọ́n kí ó sọ ọjọ́ tí yóò padà, nítorí àìsọ ni í ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Láti 1982 tí ilé ẹ̀kọ́ gíga Polí ti ìjọba àpapọ̀ ti kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí Adó, àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ nípa irin nínú ìwé, èyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó kọ́ ọmọ bí a ti ń nu sípánà kí ó tó kọ́ ọ bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì, ìdajì iṣẹ́ náà ni ó ti kọ́ ọ, ìdajì tí kì í sì í bọ́ sọnù lọ́wọ́ oníṣẹ́ nìyẹn.