Ìwé Tó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìròyìn Kọ́kọ́ Kà

Bí ẹ bá wo orí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, oríṣi ìwé méjì lẹ óò sábà bá níbẹ̀: ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe àdàkọ rẹ̀ títí lẹ́tà rẹ̀ fi ń parẹ́, àti èyí tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde tó sì fi dandan lé e pé kí wọ́n rà. Mi ò bá ti Amẹ́ríkà jà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìròyìn yóò rí i kọ́ níbẹ̀. Ohun tí ìwé náà kò lè sọ fún un ni ìdí tí ọlọ́pàá fi lè wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ìpínrọ̀ yẹn.

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ fi lé wọn lọ́wọ́ ni ìwé òpìtàn Fred Omu, Press and Politics in Nigeria, 1880–1937, tó jáde ní 1978. (Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìwé Ìròyìn ti Townsend ní Abẹ́òkúta, 1859. Ìdánwò ti béèrè ìyẹn tó.) Nínú ìwé Omu ni wọ́n ti máa rí i pé ní 1903, ìjọba amúnisìn ṣòfin l'Ékòó pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ìwé ìròyìn jáde gbọ́dọ̀ fi 250 pọ́n-ùn ṣe ìdúró. Owó ńlá ni nígbà náà. Àwọn ará Èkó fapá jánú, òfin kò yẹ̀. Ní 1909, òfin ìdìtẹ̀ sí ìjọba dé. Ní 1916, James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria, àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, fẹ̀wọ̀n jura nítorí ohun tó kọ nípa ìjọba Lugard.

Lẹ́yìn ti Omu, kí wọ́n ka My Odyssey tí Nnamdi Azikiwe kọ, 1970. Zik kì í fi ara rẹ̀ pamọ́ nínú ìwé rẹ̀, kí ẹni tó ń kà á mọ ibi tí yóò ti máa dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Accra wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1936, nígbà tí Zik ń ṣe olóòtú African Morning Post, ìwé ìròyìn náà gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí I. T. A. Wallace-Johnson, ọmọ Sàró, kọ. Àkọlé rẹ̀ ń béèrè bóyá adúláwọ̀ ní Ọlọ́run. Ìjọba gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi.

Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tú Zik sílẹ̀, nítorí pé olùpẹ̀jọ́ kò lè fi ẹ̀rí hàn pé òun gan-an ni olóòtú lọ́jọ́ tí àpilẹ̀kọ náà jáde. Wallace-Johnson gbé tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní London, ó sì fìdí rẹmi níbẹ̀ ní 1939. Àwọn adájọ́ ní kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ ru ẹnikẹ́ni sókè láti jà kó tó di ìdìtẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Òmìnira dé, òfin náà kò bá òyìnbó lọ. Ní 1961, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fi í mú Chike Obi, onímọ̀ ìṣirò, nítorí ìwé pẹlẹbẹ kan. Ìgbà tí Arthur Nwankwo kọ ìwé tako Jim Nwobodo, gómìnà Anambra, tí wọ́n sì dá a lẹ́bi, ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enugu tó sọ ní 1983 pé òfin ìdìtẹ̀ kò bá òfin ilẹ̀ wa mu mọ́. Ghana pa tirẹ̀ rẹ́ ní 2001. Ní Sierra Leone, ilẹ̀ Wallace-Johnson, ó di 2020 kí wọ́n tó yọ òfin tó ń sọ akọ̀ròyìn ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ di ọ̀daràn. Àwa ní tiwa gbé òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní 2015, wọ́n sì ti fi gbé akọ̀ròyìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ìwé Amẹ́ríkà nìkan ló kà yóò máa ka òfin Amẹ́ríkà fún ọlọ́pàá ní àgọ́.

Walking a Tightrope ti Babatunde Jose, 1987, kò gùn láti ṣàlàyé: ìjọba ológun ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Daily Times ní 1975, ọkùnrin tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ ní 1941 sì kúrò lọ́dún kejì. Ẹ̀wọ̀n nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń pa ìwé ìròyìn lẹ́nu mọ́.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ti Karin Barber, Print Culture and the First Yoruba Novel, 2012. Ó sọ nípa lẹ́tà Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas ń gbé jáde nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Thomas ló ń kọ ọ́, àwọn tó ń kà á sì gbà pé obìnrin kan ń bẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà mélòó kan níbẹ̀ láìsọ fún wọn pé àròsọ ni. Kì í ṣàì sí ẹni tí yóò béèrè àdúgbò tí wọ́n sin ín sí l'Ékòó.