Odò Àfọwọ́gbẹ́ láti Haarlem dé Leiden

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ pé ilẹ̀ Hólándì kún fún omi. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú omi náà ni àwọn ènìyàn fi ṣọ́bìrì gbẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni àwa yóò sọ ìtàn rẹ̀.

Ṣáájú ọdún 1632, ẹni tí ń gba ojú omi láti Amsterdam lọ sí Haarlem ní láti wọ ọkọ̀ onígbòkun. Bí afẹ́fẹ́ bá sì kọ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ wákàtí tí yóò gúnlẹ̀. Ní ọdún náà ni a parí odò gbọọrọ kan láàárín ìlú méjèèjì, a sì la ọ̀nà sí etí rẹ̀, kí ẹṣin lè máa fi okùn fa ọkọ̀ lọ. Ó ṣe wọ́n ní àǹfààní tó bẹ́ẹ̀ tí Haarlem àti Leiden fi gbẹ́ tiwọn ní ọdún 1657, èyí tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 28.

Ẹṣin náà kì í sáré. Ọmọdékùnrin kan a gùn ún, a sì máa rìn bí kìlómítà 7 ní wákàtí kan. Kí ni àwọn ènìyàn wá rí nínú rẹ̀? Ìdánilójú ni. Ọkọ̀ ń ṣí ní wákàtí tí a ti kéde, ì báà kún, ì báà má kún. Ìlú ni ó sì ń fi iye lé owó ọkọ̀. Oníṣòwò lè sọ fún ẹni tí ń retí rẹ̀ ní Leiden pé, "Ní agogo báyìí ni èmi yóò dé." Lójú tiwa, èyí níyì ju ìyára lọ.

Àwọn tí ó rí jájẹ a lọ jókòó nínú yàrá kékeré ní ìdí ọkọ̀. Àwọn yòókù a há mọ́ ara wọn ní àárín. Wákàtí mẹ́rin kì í ṣe kékeré, ọ̀rọ̀ a sì máa gbóná, pàápàá ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ìjọ. Ó dé ibi pé àwọn òǹkọ̀wé ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde, nínú èyí tí wọ́n kọ àríyànjiyàn wọn bí ẹni pé èrò ọkọ̀ ni ń bá ara wọn sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti bá èrò púpọ̀ wọ ọkọ̀ rí kò ní ṣiyèméjì sí èyí.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó rọrùn. Ní Halfweg, ní ọ̀nà Amsterdam, ìdídò kan dábùú omi. Èrò ní láti sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọjá, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ mìíràn. Ìlú Gouda pẹ̀lú, tí ń jẹ lára owó ibodè àwọn ọkọ̀ ẹrù, bá irú odò wọ̀nyí jà kíkankíkan, kí wọ́n má baà gba oúnjẹ ẹnu rẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù September, ọdún 1839, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti Amsterdam dé Haarlem. Ní ọdún 1842 ó dé Leiden. Ohun tí Gouda bẹ̀rù ni ó wá bá àwọn ọlọ́kọ̀ fúnra wọn. Èrò fi wọ́n sílẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ àti ọmọ tí ń gun ẹṣin.

Síbẹ̀ a kò dí odò náà. Ó ru yanrìn tí a wà ní ẹ̀bá òkun, níbi tí oko òdòdó tulip wà lónìí. Ní báyìí, ìgbádùn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: ọkọ̀ kékeré, ìwọ̀ ẹja, àti kẹ̀kẹ́ ní etí omi nígbà tí òdòdó bá tanná ní oṣù April. Ní ìgbà nì, omi dídì a dá ọkọ̀ dúró pátápátá. Nísinsìnyí, nígbà tí òtútù líle bá dé, àwọn ọ̀dọ́ a wọ bàtà onírin, wọn a máa yọ̀ lọ lórí rẹ̀, wọn a sì dé Leiden kí ẹṣin ìgbà nì tó rin ìdajì ọ̀nà.