Ìwé Ẹ̀rí Irin àti Irin Fúnra Rẹ̀

Ní ọdún 1904, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, tẹ ìròyìn jáde nípa iléru Ola-Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: F. W. Harbord yẹ òkúta irin, ìdàrọ́ àti irin náà wò kí wọ́n tó sọ ohun tí ó wà nínú wọn.

Lóde òní, ìwé ni ó ń ṣáájú irin dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń kọ́lé ní Ire-Akárí, ní Ìsọlọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó yọ́ irin ni ó yẹ kí ó kọ nọ́ńbà ìyọ́, ìwọ̀n kábọ̀nù àti agbára irin sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣòwò ni ó ti ń bọ̀, ẹ̀dà lórí ẹ̀dà. Onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó mọṣẹ́ a wò bóyá nọ́ńbà tí ó wà lára ìdì irin bá ti inú ìwé mu. A sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, láìlo àdírẹ́sì inú ìwé tí ó ń fura sí.

Èyí pàápàá kò tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Kobe Steel ti ilẹ̀ Japan jẹ́wọ́ pé wọ́n ti ń yí èsì àyẹ̀wò ọjà padà. Òntẹ̀ ìwé wọn pé; ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni irọ́.

Ó kù kí a gé díẹ̀ lára rọ́ọ̀dù, kí ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò fà á títí yóò fi já. Owó ni ìyẹn, ọ̀pọ̀ onílé a sì sá fún un, wọn a ní ìwé ti wà. Bí a bá ti da kọnkéré bò ó, ojú kò tún ní í rí i mọ́.