Samuel Àjàyí Crowther, àlùfáà ọmọ Òṣóògùn

Samuel Àjàyí Crowther (nǹkan bí ọdún 1809 sí 31 oṣù Kejìlá, 1891) ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Òṣóògùn ni wọ́n bí i sí, lágbègbè Ìsẹ́yìn, lórí ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Àlùfáà ni, onímọ̀ èdè ni, ó tún bá òwò ẹrú jà. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ṣeé yà nípa lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé là ń pè ní Àjàyí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1821, oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́ tí ogun fi ká Òṣóògùn mọ́. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn nílé, ó sì padà sójú ìjà. Wọ́n fi okùn sí ọmọ náà lọ́rùn, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, ó di Ìsẹ́yìn. Ìsẹ́yìn yìí náà ni wọ́n ti fi í pààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin ọ̀hún kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé Èkó, àwọn Pọtogí sì kó o wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin, 1822, tó kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró.

Ó ṣèrìbọmi lọ́dún 1825, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay lọ́dún 1827, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1843, ọdún tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Èyí tó wú mi lórí jù ni ìsìn tó ṣe ní Freetown ní oṣù Kìíní, 1844. Yorùbá ló fi wàásù fún àwọn tí wọ́n gbà kúrò lóko ẹrú bíi tirẹ̀. “Kí ó ṣẹ! Kí ó ṣẹ!” ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Àwọn tí wọ́n ti tà bí ẹran gbọ́ èdè ìyá wọn nínú ilé Ọlọ́run. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ hun gbogbo ọ̀rọ̀ tó lò fúnra rẹ̀ o: àlùfáà àti àdúrà ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa kó tó mú wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní oṣù Kẹjọ, 1846, ó rí Àfàlá ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn kò gba ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1851 ó lọ sí Ìlú Ọba, ó rọ ìjọba kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú l'Ékòó. Ní Windsor, obìnrin kan wọlé bá òun àti ọkọ ọbabìnrin nídìí àwòrán ilẹ̀. Kò tètè mọ̀ pé Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ni. Ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá sí i létí. Ní òpin ọdún náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó, wọ́n sì gba ìlú náà pátápátá lọ́dún 1861. Ẹ̀bẹ̀ Crowther wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún wọn, kò sí bí a ṣe lè fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ojú àwọn oníṣòwò epo pupa ti wà lára Èkó tipẹ́.

Ní 29 oṣù Kẹfà, 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà Canterbury. Adúláwọ̀ ni gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ìhìnrere lẹ́bàá Odò Ọya. Òun àti àwọn míì parí Bíbélì Yorùbá lọ́dún 1884. Àfi bí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere ṣe dé, tí wọ́n ń fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ, 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ Odò Ọya ní Onitsha, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún fipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kú l'Ékòó lọ́dún tó tẹ̀lé e. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi àwọn adúláwọ̀ méjì, Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips, ṣe lọ́dún 1893.

Nígbà tó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní oṣù Kẹfà, 2014, olórí ìjọ Áńgílíkà, Justin Welby, dìde nínú ìsìn ní Canterbury kan náà, ó sì tọrọ àforíjì.