Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Lára Ògiri Àká?

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Àká onípákó ńlá ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń kó irè oko sí. Wọ́n kun ìràwọ̀ aláràbarà kan sí iwájú rẹ̀, àfi bí ẹni to àbùlẹ̀ aṣọ pọ̀. Ó ní, "Prọ́f, ṣé àṣà àtayébáyé wọn nìyí?"

Rárá o. 2001 ló bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìtàn ògiri yẹn ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni ilé iṣẹ́ tábà Bloch Brothers ní Wheeling, West Virginia, ti ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún àgbẹ̀ tí àká rẹ̀ bá kọjú sí títì. Wọn á bá a kùn ún, wọn á sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kí aráyé máa jẹ tábà Mail Pouch. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Harley E. Warrick, ọmọ Ohio, fi èyí ṣe iṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Nínú ọ̀rọ̀ náà "CHEW", lẹ́tà E, H àti W ló máa ń kọ́kọ́ kọ, torí àwọn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹ rí i pé ó wá ọgbọ́n fi ara rẹ̀ síbẹ̀.

Donna Sue Groves dàgbà sí West Virginia. Tí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, Maxine ìyá rẹ̀ á ní kí àwọn ọmọ máa ka àká lójú ọ̀nà. Èyí tó bá ní ìpolówó lára, máàkì rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ìyá yìí kan náà máa ń rán kúìtì, ìyẹn aṣọ ìbora alábùlẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, àmọ́ inú yàrá ló máa ń wà, ọ̀pọ̀ obìnrin tó sì rán an kò kọ orúkọ sí i.

Ní 1989, tìyá-tọmọ ra oko kan ní Adams County, Ohio, tó ní àká tábà. Ọmọ ṣèlérí pé òun máa kun kúìtì sára rẹ̀ fún ìyá òun. Ọdún gorí ọdún, kò tíì ṣe é. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ ní àwọn máa bá a dá sí i, ó ní kó má mọ sí ti ìyá òun nìkan: kí wọ́n kun 20 káàkiri àdúgbò, kí àlejò lè máa tọ̀ ọ́ láti oko dé oko, kó sì náwó níbẹ̀. Àkọ́kọ́, Ohio Star, dé ara àká Lewis Mountain Herb Farm ní oṣù Kẹwàá 2001. Ti ìyá, Snail's Trail, ipa ìgbín, ẹ̀yìn ló dé.

Lónìí, irú rẹ̀ ti wà ní ìpínlẹ̀ tó lé ní 40, ó sì ti dé Kánádà. Ẹ má jẹ́ n bù mọ́ ọn: ọ̀dà kì í tún òrùlé tó ń jò ṣe, kò sì dá ọjà tábà padà fún àgbẹ̀. Àmọ́ ògiri tí wọ́n ń háyà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí onílé ti ń yan ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀pọ̀ ló sì yan èyí tí ìyá tàbí ìyá àgbà wọn rán.

Tí ẹ bá tún rí ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó rán aṣọ tí wọ́n wò kùn ún, kí ẹ sì bá mi kọ orúkọ obìnrin náà sílẹ̀.